Ọrun Aránṣọ Nínú Oko Gbágùúdá

Ọ̀yà ló sọ mí di tafàtafà. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà aránṣọ bíi tèmi, tí kò lé ohun tó ju ewúrẹ́ lọ rí láyé rẹ̀, fi ń gbé ọrun kọ́ èjìká lọ sóko, ìdáhùn mi kò gùn. Ọ̀yà ni.

Oko tí mò ń wí yìí wà lọ́nà Ìsúndunrin, ìyàwó mi ló ni ín. Ó gbin gbágùúdá síbẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ro ó lẹ́ẹ̀kan, àìsàn sì dé. A kò tíì mọ orúkọ tí a ó pe àìsàn náà tó fi lọ. Gàrí ló ń tà láti ìgbà tí a ti darí dé láti Abidjan, àwọn èèyàn sì mọ gàrí rẹ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n bá bu omi sí i, kì í yára wú bí ọlẹ tó rí oúnjẹ ọ̀fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé orí sókè. Nígbà tí a sin ín tán, mo pe àwọn ọmọ jọ. Mo ní lọ́jọ́ àdúà ọdún kan ìyá wọn, gàrí tí a ó fi ṣe sàárà, inú gbágùúdá tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kẹ́yìn ni yóò ti wá. A kò ní ra gàrí ẹlòmíràn láti fi ṣe àdúà fún ìyá ológàrí. Gbogbo wọn ní àmín.

Ìgbà tí mo wá dé oko lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo rí i pé àwa nìkan kọ́ ló ń dúró de gbágùúdá náà. Ọ̀yà ti wọ etí oko. Wọ́n gé igi rẹ̀ lulẹ̀ bí ẹni fi àdá gé e, wọ́n wú u, wọ́n jẹ ẹ́ dé ibi tó wù wọ́n, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún eèrà. Mo jókòó sórí ebè. Ebè ìyàwó mi kì í tọ́. Bó ti ń kọ ọ́ ló ń kí èrò ọ̀nà, ibi tí ẹni tó ń kí bá gbà lọ ni ebè náà ń tẹ̀ sí. Mo wo ebè wíwọ́ yẹn, mo wo ojú eyín ọ̀yà lára gbágùúdá, mo wá sọ sókè pé, "Ẹ ò ní jẹ ẹ́ tán lójú mi."

Kí n tó tẹ̀ síwájú: gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín ni mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n kí wọ́n tó di alhájì. Ṣùgbọ́n wọn kò rán mi níṣẹ́ ìwé, n kò sì ní kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi, ọdẹ ni. Ìsúndunrin ló ń gbé. Òun ni mo kọ́kọ́ sáré tọ̀ lọ. Ó wá wo oko náà, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn, ó ń yí orí bíi dókítà. Ó ní ìbọn kò ṣeé yìn níbẹ̀, nítorí pé ilé-kéwú kan wà lẹ́yìn oko náà gan-an, àwọn ọmọdé sì máa ń gba àárín oko kọjá. A dẹ tàkúté. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ sí i, ariwo tí ẹni tó ni ewúrẹ́ pa kò kéré. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀yà ló mú, ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀ lówùúrọ̀ ó ti kú tipẹ́. Òkúǹbete ni, a kò lè jẹ ẹ́, a jù ú nù. Ó dun àna mi wọra.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ohun kan ló kù, ọfà ni. Ọfà kì í pariwo, kì í mú ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Bí ẹ bá dárúkọ Ọlọ́run kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹran tí ẹ bá ta di jíjẹ."

"Ìwọ ni wàá máa wá ta á?"

"Èmi? Ṣé kí n fi oko tèmi sílẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ̀yin náà ni." Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Àfi bí ọwọ́ tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ yìí kò bá lè ṣe é."

"Ọwọ́ yìí náà ni yóò ṣe é. Ṣé o rí òmíràn lára mi ni?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnu ló kó mi sí i.

Mo ti rò pé yóò gbé ọrun bàbá wọn fún mi, èyí tó gbé kọ́ ara ògiri ilé rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ọrun yẹn le, pé ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kì í fi ọrun líle bẹ̀rẹ̀. Ọrun tí mo lè fà kí apá mi má gbọ̀n, tí mo sì lè dá dúró ní fífà títí n ó fi sọ pé Bísímílláhì, òun ni tèmi. Bí ọkàn ẹni bá ń ronú pé apá ń ro òun, ojú kò ní rí ibi tí ọfà ń lọ. Oró tí àwọn àgbà máa ń fi sí ẹnu ọfà, èmi ni mo sọ pé n kò fẹ́. Ta ni yóò da oró káàkiri inú oko tí a fẹ́ jẹ gàrí rẹ̀? Ó ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, pé ó jọ pé mo lọ́gbọ́n díẹ̀.

Ó gé igi àtòrì fún mi. A gbé e sí ibòòji kó gbẹ, nítorí bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á là. Lẹ́yìn náà ó kọ́ mi bí a ti ń fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀: ha apá òkè díẹ̀, ha apá ìsàlẹ̀ díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ wò, kí apá méjèèjì máa tẹ̀ bákan náà bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ibẹ̀ yẹn kò ṣòro fún mi. Apá òsì àti apá ọ̀tún tó gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ni mo ti ń ṣe láti kékeré bí kò ṣe bùbá?

Ọsán rẹ̀ ló wá kù, okùn tí a ń fà. Àna mi fẹ́ fi awọ lọ́ ọ. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Òwú wo ló wà láyé tí èmi kò mọ̀? Mo lọ́ òwú líle tí mo fi ń rán àpò pọ̀, mo fi ìda oyin pa á títí ó fi ń dán, mo fi tépù wọn ara igi náà láti orí dé ìdí, mo gé òwú náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé aránṣọ ni mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kì mí nílọ̀ pé aṣọ tó bá fún kò ní àtúnṣe, èyí tó bá fẹ̀ la lè gbà wọlé, nítorí náà kí n máa fi àyè sílẹ̀ nígbà gbogbo. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọsán mi.

Mo gbé ọfà kan tí àna mi mú wá lé e, mo sọ pé Bísímílláhì, mo fà á, mo tú u. Ọfà náà bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbálẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ arúgbó.

Àna mi wá igi kan dì mú, ẹ̀rín fẹ́ gbé e ṣubú. "Ẹ̀gbọ́n! Àyè kí lẹ fi sílẹ̀ fún un? Ṣé ọrun náà ṣì ń dàgbà ni?"

Ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́, kí n gbé e lé inú ọrun, kí n na àtàǹpàkò. Ibi tí orí àtàǹpàkò bá dé ni ọsán gbọ́dọ̀ dúró sí, kó le kankan. Mo tún un gé. Mo gé e kúrú ju igi lọ, gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ sì ń pariwo sí mi létí pé mo ti ba aṣọ oníbàárà jẹ́. A tẹ igi náà, a fi ọsán kọ́ ọ, ó dún pìn-ìn. Mo ní ọrun.

Kò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ọjọ́ kan náà la jọ wọ mọ́tò lọ sí Abidjan, ọdún kan náà la padà wálé. Kùtùríyé ló ń pè mí títí dòní, bí wọ́n ti ń pe aránṣọ lọ́hùn-ún. Òun ló bá mi ṣe ẹnu ọfà. Ó fi òòlù lu ìṣó ńlá títí ó fi pẹlẹbẹ, ó fi fáìlì pọ́n ọn, ó sì kó o wá bá mi lóko fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú rí ìtìjú mi. Èmi àti àna mi lọ ṣe àlùwàlá láti kírun Asri. Kí a tó dé, a gbọ́ gbàù!

Ó gbé ọrun mi, ó fà á dé etí láìgbé ọfà lé e, ó tú u sílẹ̀. Igi ti là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo ṣe?" ni mo kígbe.

"Mo tẹ̀ ẹ́ wò ni," ó dáhùn, ó ń wò pàkò. "Ẹ́ńjìnnì tuntun, ṣé lófìfo kọ́ la kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀, ká tó gbé ẹrù lé e?"

Àna mi fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. "Ẹ̀gbọ́n, ọrun kì í ṣe mọ́tò. Agbára tí ẹ fà jọ yẹn, ọfà ló yẹ kó gbé e lọ. Bí kò bá sí ọfà níbẹ̀, ara igi ló ń padà sí. Ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ lófìfo mọ́ láé."

"Ó yé mi," ni mẹkáníìkì wí. Ó wo igi méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ohùn rẹ̀ dára."

Àwọn àgbà ní bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Tèmi, ọsán kò já, ọrun di igi ìdáná.

Inú mi kò dùn lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Igi mìíràn gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó lè ha á, ọ̀yà kò sì ní dúró dè wá. Bí mo bá dé oko, mo ń rí i pé wọ́n ti kúrò létí, wọ́n ti ń bọ̀ láàárín. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi rí ojú mi nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Baba, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká ra gàrí. Ìyá wa kò ní bínú."

Mo ní, "Ìyá yín? Ìyá yín tó mọ gàrí ìlú Másìfà yàtọ̀ sí gàrí ìlú Ọlá nínú òkùnkùn? Yóò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọrun kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọfà náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọparun ni a fi ṣe é, a là á, a ha á kó tọ́, a sì ń fi iná yá a níbi tó bá wọ́. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀, tòlótòló ọmọbìnrin mi ni mo fà á lára, nígbà tí kò sí nílé. Mo ta ọfà náà, ó ń jó lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni mu ẹmu yó. Àna mi mú un, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ pa ìyẹ́ apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti apá òsì. Wọn kì í gbé pọ̀ lórí ọfà kan. Apá kan náà ni kí ẹ ti mú gbogbo rẹ̀." Mo tún padà tọ tòlótòló lọ. Nígbà tí ọmọ mi dé, ó bá ẹyẹ rẹ̀ tí apá kan pá, tí èkejì kún. Kò bá mi jà. Ó kàn ń pe ẹyẹ náà ní "Baba" láti ọjọ́ náà, ó ní èmi tó gbé ọrun kọ́ èjìká kan àti ẹyẹ náà jọ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo kó gbogbo àgékù aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù mi sínú àpò ìrẹsì, a gbé e ti ara ọ̀pẹ kan létí oko, ó di ohun tí mò ń ta lọ́fà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn Asri. Àna mi ní dandan kí n máa sọ Bísímílláhì sí àpò náà, kí ẹnu àti ọwọ́ lè mọ ara wọn. Bí ẹnu kò bá kọ́ ọ níbi àpò, kò ní rántí níwájú ẹran. Mẹkáníìkì máa ń jókòó sórí ebè, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa ka àṣìtà mi lóhùn òkè.

"Kùtùríyé, ọ̀pẹ lo ta yẹn. Ṣé a máa dú ọ̀pẹ náà?"

"Dákẹ́ níbẹ̀."

"Ó dáa, èyí wọ àpò. Àpò náà ti di hàláàlì. Ẹ bá mi gé itan rẹ̀."

Ẹ̀rín wa ń dé ilé-kéwú. Àwọn ọmọ á dá kéwú dúró, aáfà wọn á fi pàṣán gbá tábìlì. Nígbà míì, aáfà náà á fúnra rẹ̀ jáde wá, á dúró lójú ọ̀nà, á wò díẹ̀, á ní, "Ẹ gbé ìgúnpá sókè, bàbá," á sì padà wọlé bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Apá mi ń le sí i. Oúnjẹ tún ń wọlé sí mi lẹ́nu. Ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, n kò mọ ohun tí a ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Ìrọ̀lẹ́ máa ń gùn jù. Nísinsìnyí, mo ń wo oòrùn kó tètè yẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, a ti ta ọfà tì, a jókòó, gbogbo wa dákẹ́ nítorí pé ẹ̀pà ti tán. Àna mi fọwọ́ kàn mí lórúnkún. Ọ̀yà kan ti inú koríko jáde, ó tóbi, ó sanra, mo sì mọ ohun tó sanra lé lórí. Ó rìn wọ àárín ebè bí onílé. Mo dìde díẹ̀díẹ̀, mo gbé ọfà lé ọsán, mo fà á. Apá mi kò gbọ̀n. Ohun gbogbo tí wọ́n kọ́ mi wà níbẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ Bísímílláhì, ọ̀yà náà yí ojú padà, ó wò mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Pàádọ̀ọ̀n!"

Ìyẹn ni bí a ti ń tọrọ gáfárà lédè Faransé. Gbogbo ọdún tí mo lò ní Abidjan, bí mo bá ṣèèṣì tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ lọ́jà, ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ọfà sì ti lọ. Ó bá a nítan.

"Ọ̀bẹ! Ọ̀bẹ!" Àna mi ti fò kúrò níbi tó wà. Mo dúró gbagidi, mo káwọ́ lérí, mo ń sọ pé a ti sọ ọ́ di òkúǹbete, mo ti bà á jẹ́. Àna mi lé e bá létí koríko, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ó ké Bísímílláhì Allahu Akbar tó fi jẹ́ pé aáfà dá a lóhùn láti inú ilé-kéwú, ó sì dú u nígbà tó ṣì ń ta ẹsẹ̀. Ó di jíjẹ.

Ẹ̀rín ti pa mẹkáníìkì. Ó nà gbalaja sórí ebè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, ó ní, "Ọdẹ tó ń bẹ ẹran! Ẹ gbà mí o! Ó tọrọ àforíjì kó tó ta á!"

Wọ́n ti gbọ́ ọ dé gáréèjì mọ́tò kí n tó délé. Ọ̀nà tí mo bá gbà, wọ́n á ní, "Pàádọ̀ọ̀n, bàbá ọdẹ."

N kò ta òmíràn mọ́. Kò sí òmíràn tó jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún àwọn ènìyàn pé ìròyìn mi ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀yà, títí àna mi fi bi mí ní ìbéèrè kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin méjì tó ń pariwo níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọ̀yà wo ló máa dúró? Ariwo yín ni wọ́n sá fún. Bí ẹ bá kàn wá jókòó níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń ṣeré, wọn ì bá ti lọ tipẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Ó fi ọ̀bẹ họ ilẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ì bá ha wá jókòó bí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú, mo sì ti ń rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tí àdúà ọdún kan sún mọ́lé, a wú gbágùúdá náà. Etí oko kò ní nǹkan, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ dúró, ó ta bí apá ọkùnrin. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ ẹ́, wọ́n rin ín, wọ́n fún un, wọ́n yan án nínú agbada ìyàwó mi. Gàrí náà tó gbogbo èrò àdúà, a sì bù fún ilé-kéwú, torí aáfà ní àwọn ọmọ òun náà bá wa ṣọ́ oko. Mo bu omi sí tèmi, mo wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló gbé orí sókè. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn tí aáfà ti ṣe àdúà tán, tí èrò ń túká, obìnrin kan láti Másìfà jókòó tì mí. Gàrí ni òun náà ń tà. Òun àti ìyàwó mi ti bá ara wọn du oníbàárà ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó gé ọ̀rọ̀ sókè, ó gé e sísàlẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, ẹ ha ti da igi gbágùúdá yẹn nù bí?"

"Rárá, ó wà lẹ́yìnkùlé. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbìn ín ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó yín. Kò fún mi. Ó ní kí n lọ wá tèmi." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú yàrá. "Ẹ fún mi kó tó gbọ́."

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu níbi àdúà ìyàwó mi. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo di ìdì kan tó wúwo fún un, mo sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìdì tó kù, mo fa ewé ọ̀pẹ bò ó mọ́lẹ̀ nítorí oòrùn. Òjò ti ṣú níhà Ọlá. Mo ránṣẹ́ sí àna mi pé bó bá rọ̀, kó mú ọkọ́ dání wá lọ́la.